Ọmọ Cecily Wọ Ilé Hallowby

Àgbàlagbà tí ogun bá ti há mọ́lé, bó bá gbọ́ tí eku ń rìn lájà, yóò ní ọ̀tá ló ń gbẹ́ ògiri. Bí Olóyè Everard Hallowby ṣe rí gan-an nìyẹn ní ọdún tí ọmọ ogun Ìgbìmọ̀ dó ti ilé rẹ̀ lẹ́bàá odò Teme. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbìmọ̀ ìlú ti dojú ìjà kọ ara wọn, ilẹ̀ ti pín sí méjì, ẹni tó bá ọ jẹun lánàá lè máa rọ ọta ìbọn dè ọ́ lónìí. Ti Ọba ni Olóyè yìí ń ṣe. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó búra lórí tábìlì rẹ̀ pé ti Ọba làwọn náà ń ṣe, àwọn ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà han ọ̀tá. Láti ìgbà náà ni kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Bí alásè bá fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, Olóyè á ní ó fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ àwọn ni, kí omi kànga lè tètè tán. Bí àlùfáà bá gbàdúrà pẹ́, á ní ó ń dá àwọn dúró kí ọ̀tá lè ráyè gun ògiri. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n máa pa àwọn ẹyẹlé ilé jẹ, torí pé wọ́n ń fò lọ sí àgọ́ ọ̀tá láàárọ̀, wọ́n sì ń padà wálé nírọ̀lẹ́.

"Kí ni wọ́n ń lọ bá ọ̀tá sọ?" ló bi Lettice, ìyàwó rẹ̀.

"Ọkà ẹṣin ni wọ́n ń lọ ṣà jẹ," ni obìnrin náà dáhùn. "Bí èmi náà bá ní ìyẹ́, ǹ bá ti bá wọn lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu ò tíì ká kúrò lórí odò nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá àgọ́ ọ̀tá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yọjú lórí ògiri, wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú yàrà tó yí ilé ká. Ó ń ké pé, "Fún Ọba! Fún Ọba!" Ọta ìbọn ń ta omi sókè ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Wọ́n sọ okùn sí i, wọ́n fà á gòkè bí ẹja.

Barnaby Tulk ló mú un wọlé. Alábòójútó ilé ni Barnaby, ó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ náà, òun ló kọ́ Olóyè fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin nígbà èwe. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó pa àgbọ̀nrín.

"Olúwa mi, èèyàn wa ni! Ẹ wo irun rẹ̀, ó gùn dé èjìká. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olórí róbótó Ìgbìmọ̀ tó ń fá irun wọn bí àgùntàn."

"Irun kì í búra, Barnaby," ni Olóyè wí. Kò dìde lórí àga. Ó ń wo omi tó ń kán lára àlejò náà. "Ìbọn mélòó ni wọ́n yìn?"

"Ó tó ogún, olúwa mi."

"Èwo ló bà á?"

Barnaby wo àlejò náà látorí dé ẹsẹ̀. "Kò sí o."

"Ogún ọta, kò ba etí, kò ba ìka. Àwọn tó fi ìbọn ṣí fìlà lórí ẹ̀ṣọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn? Àbí ojú ló ń dùn wọ́n láàárọ̀ yìí?"

Àlejò náà kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Ó ní, "Bàbá mi, Piers Averell ni mí, ọmọ Cecily, àbúrò yín. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Ọba ni mo ti wá. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ẹ ó gbọ́ fèrè lẹ́yìn òkè yẹn. Kí ẹ ṣí ibodè, kí ẹ yọ sí àwọn tó dó tì yín. Bí àwọn tiwa bá ti ẹ̀yìn dé, a ó há wọn sáàárín."

Olóyè mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, ìgbàlà ti dé, nítorí oúnjẹ ti ń tán, àwọn tó fara gbọgbẹ́ ti kún inú gbọ̀ngàn. Bó bá jẹ́ irọ́, tó sì ṣí ibodè, ilé bàbá rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, àti gbogbo ẹni tó sá di í. Láàárín ìsinsìnyí sí ọ̀sán, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ìlà oòrùn, níbi tó jìn, ni Cecily lọ́kọ sí. Ọmọdé tí eyín ń ká lẹ́nu ni Piers nígbà tí Olóyè fojú rí i kẹ́yìn.

"Kí ni ìyá rẹ máa ń pè mí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo àwọn ẹ̀ṣọ́. "Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwájú èèyàn."

"Sọ ọ́."

"Ìgbín, Bàbá. Ó ní bí wọ́n bá jí yín láàárọ̀, ńṣe lẹ máa ń fa orí padà sábẹ́ aṣọ."

Lettice bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wo ilẹ̀. Olóyè ò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọ̀dọ̀ lè gbọ́ ìyẹn lẹ́nu Cecily," ló wí. "Ẹ fún un láṣọ gbígbẹ. Ẹ gbé oúnjẹ wá. Òun ni yóò gé ẹran."

Ní ilé ọlọ́lá ilẹ̀ náà, ọmọ ọkùnrin ti ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹran lórí tábìlì kó tó mọ̀wé kà. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀, ọwọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sọ ọ́ di jákujàku. Ìwọ̀nba ẹyẹlé sísun díẹ̀ ló wà lórí àwo, pẹ̀lú búrẹ́dì líle àti wàràkàṣì. Piers mú ọ̀bẹ. Ó yí ẹyẹlé náà sí ẹ̀gbẹ́, ó tú itan rẹ̀ láìfọ́ eegun, gẹ́lẹ́ bí ẹni ń tú bọ́tìnì ẹ̀wù. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e ló mú kí Olóyè fi ife sílẹ̀. Kò gbé ègé àkọ́kọ́ fún Olóyè, kò gbé e fún Lettice. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ó yíjú sẹ́yìn, ó nà án sí Barnaby tó gbé àwo wá.

Ilé Hallowby nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Bàbá bàbá Olóyè ló fi lélẹ̀, pé ẹni tó gbé oúnjẹ wá ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ojú Barnaby kún fún omi. Ẹran wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. "Olúwa mi, bí èyí kì í bá ṣe ọmọ Cecily, a jẹ́ pé èmi náà kì í ṣe Barnaby."

Olóyè dìde. Ó yí tábìlì po, ó fọwọ́ gbá àgbọ̀n ọ̀dọ́kùnrin náà mú, ó wo imú rẹ̀, ó wo àpá kékeré tó wà lójú rẹ̀, níbi tí ajá ọdẹ ti ha á nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìtìjú mú un. Okùn ọmọ ìyá yi. Ó di mọ́ ọn, ó sì pariwo pé kí wọ́n di gàárì mọ́ ìwọ̀nba ẹṣin tó kù, kí wọ́n kó ìbọn jáde, kí gbogbo ilé sì kọ́kọ́ pé sí ilé àdúrà láti dúpẹ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pé. Àwọn tó lè rìn nínú àwọn tó gbọgbẹ́ pàápàá wá. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní ìjọ àwọn tó ń ṣe ti Ọba, bí àlùfáà bá dárúkọ Jésù, gbogbo orí ló ń tẹ̀ ba. Àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ ní ìṣe àwọn abọ̀rìṣà nìyẹn, wọn kì í tẹrí. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ kí ìbọn tó dún rárá.

Àlùfáà dárúkọ náà. Gbogbo orí tẹ̀ bí ọkà inú afẹ́fẹ́. Bí ti àtẹ̀yìnwá ni, orí Olóyè ì bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, ó yíjú kó tún wo imú Cecily lójú ọmọ Cecily lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìfẹ́ ló mú un yíjú. Ọrùn Piers nàró ṣánṣán láàárín àwọn tó tẹrí.

Àlùfáà tún dárúkọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Piers tẹrí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó tẹ̀ ẹ́ lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbàgbé nǹkan sórí iná. Èyí ló wá dun Olóyè jù. Nígbà tó fi ojú ìfura wò ó látàárọ̀, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó fi ojú ìfẹ́ wò ó ló rí i.

Kò jẹ́ kí àdúrà parí. Ó mú un lápá, ó fà á jáde síta, Lettice àti Barnaby sì tẹ̀ lé wọn.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

Piers wo ọwọ́ tó dì í mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìgbìmọ̀ ni, Bàbá. Ẹ ò bi mí ní ìyẹn látàárọ̀."

"Òótọ́ ló sọ," ni Lettice wí. "Ọmọ ta ni ọ́, ọmọ ta ni ọ́, la ń bi í ṣáá. Ta ló bi í léèrè ẹni tó ń sìn?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fèrè fi dún lẹ́yìn òkè. Ó dún pẹ́, ó dùn-ún gbọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè yíjú sí Olóyè, ọwọ́ wọn ti wà lórí irin ìdábùú. Olóyè mi orí. Kò sẹ́ni tó mira. Fèrè náà tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí ojú tì.

"Ẹ jẹ́ ká so ó kọ́ sórí ibodè," ni Barnaby wí, "kí wọ́n lè rí èsì wọn."

"Ìwọ tó jẹ ẹran lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹran náà dùn, olúwa mi. Okùn náà ò ní burú."

"Bàbá," ni Piers wí, "ìbọn àgbá ńlá kan ń bọ̀ láti ìlú Gloucester. Bó bá dé lónìí, ògiri yìí ò ní rí oòrùn ọ̀la. Ọ̀gágun wa ṣèlérí fún mi pé bí mo bá lè mú kí ibodè ṣí kí ó tó dé, wọn ò ní fọwọ́ kan ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ ò ní gbà. Ìdí tí mo fi purọ́ nìyẹn."

"O gba ọ̀gágun rẹ gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́."

"Ìyẹn ló yà wá sọ́tọ̀."

Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn. Bí kò bá sí àgbá níbì kankan ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé irọ́ kejì nìyí, tí wọ́n gbé pa mọ́ de ìgbà tí àkọ́kọ́ bá kùnà? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ wá gba ilé pẹ̀lú àgbá, kí ló fẹ́ fi ọmọ tí wọ́n lè so kọ́ ṣe? Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni dénú.

"Èmi yóò bá a lọ," ni Lettice wí.

"Lọ síbo?"

"Síta. Èmi, àwọn obìnrin, àti àwọn tó gbọgbẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún wa. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n, ẹ ó sì wà nínú ilé yín pẹ̀lú ìbọn yín."

"Lettice, bó bá jẹ́ irọ́—"

"Ọkọ mi, ẹ ti fura sí ẹyẹlé, ẹ ti fura sí iyọ̀. Ẹ má fi ìfura sin àwọn tó ń kú lọ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ ọ báyìí."

Ẹ̀yìn ni Olóyè kọ sí wọn nígbà tó fi ọwọ́ ṣe àmì sí ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.

Ó gun orí ògiri. Ó ní kí ẹni tó mọ ìbọn yìn jù nínú ilé dojú ìbọn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn Piers, kó má sì gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Piers níwájú pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sókè, Lettice lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó gbé àwọn tó gbọgbẹ́ sórí pákó tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ ogun Ìgbìmọ̀ dìde pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn wọn, wọ́n ń bọ̀. Ọwọ́ Olóyè mú òkúta ògiri dan-in. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ pákó àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú koríko, ó gba orí pákó náà lọ́wọ́ obìnrin tó ti rẹ̀.

"Olúwa mi," ni Barnaby wí, "ẹ wo ojú ọ̀nà."

Màlúù ni, ọ̀wọ́ gígùn, méjì-méjì, wọ́n ń fa nǹkan dúdú kan bọ̀ nínú eruku.

"Ó lè jẹ́ ìtì igi ni wọ́n kùn ní dúdú," ni Olóyè wí.

"Àwọn èèyàn lè díbọ́n, olúwa mi. Màlúù ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbin."

Olóyè wò wọ́n títí. Lóòótọ́, wọ́n ń gbin. Orúnkún wọn ń yẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ní ìsàlẹ̀, Lettice ti yíjú sẹ́yìn, ó ń wo orí ògiri, kò juwọ́.

"Kí n ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́?" ni Barnaby bi í.

"Fi í sílẹ̀. Wá aṣọ funfun kan fún mi."

"Èwo ni, olúwa mi? Gbogbo èyí tó funfun nínú ilé ti wà lójú ọgbẹ́."

Olóyè Everard Hallowby gbé ọwọ́ sí ọrùn. Kò tíì tú kọ́là funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí láyé, nítorí náà Barnaby ló bá a tú okùn rẹ̀. Olóyè so ó mọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ kan, ó sì nà án sókè, ojú rẹ̀ ṣì wà lára àwọn màlúù.