Àwọ̀ Adúmáadán

Ẹ̀gbọ́n mi ò pé ọmọ ọdún márùn-ún, èmi àbúrò sì ti ń hu ewú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ọmọdé ló sì wà títí dòní, àmọ́ bí mo bá pè é lórúkọ lásán níwájú Màmá wa láìfi "ẹ̀gbọ́n mi" ṣáájú, wọ́n á ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" Mo ti tọrọ àforíjì nítorí ọmọ kékeré yìí ju bí mo ṣe tọrọ lọ́wọ́ ọkọ mi lọ.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní láyé. Ó jókòó sórí àga onígi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí àgbàlagbà tó ń retí dókítà. Adúmáadán ni Màmá ń pè é, nítorí ó dúdú, dídú rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́, fọ́tò náà ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n. Ògiri pọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì pọ́n, ojú ọmọ náà pọ́n bí ìkòkò amọ̀. Ẹni tí ò mọ ìtàn á ní ta ló ń fi ọmọ pupa ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń pè é ní Adúmáadán.

Fọ́tò títúnṣe niṣẹ́ mi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni kọ̀ǹpútà mi wà, níbi tí àwọn oníbàárà ò ti ní rí irọ́ tí mò ń pa. Mo máa ń yọ irorẹ́ kúrò lójú èèyàn, mo máa ń na aṣọ tó rún, mo sì ti yọ ọkọ kan kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ rí, tí ìyàwó sanwó tó ń kọrin. Nítorí náà, nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èmi ni wọ́n ké sí.

"Bá mi tún Adúmáadán ṣe kí ojú yìí tó fọ́ tán," wọ́n ní. "Mo fẹ́ rí i bó ṣe rí, lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ọmọ náà rí. Bàbá wa ti kú, àwọn tó bá wọn gbé nígbà yẹn ti lọ káàkiri. Màmá nìkan ló kù láyé tó mọ àwọ̀ ara rẹ̀. Ojú olójú ò jọ ojú ẹni, àmọ́ ojú tiwọn nìkan ni mo lè fi rí i.

Wọ́n wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀pá kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí mò ń fi máùsì fà sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan fún pípọ́n, ọ̀kan fún dídú, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀. Mo fà á díẹ̀.

"Ó ṣì pọ́n," Màmá ní.

Mo tún fà á.

"Ó ṣì pọ́n. Ṣé o ò fẹ́ kó dúdú ni? Àbí ò ń jowú ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Màmá, kí ni mo fẹ́ máa jowú lára ọmọ tí ò tíì wọ iléèwé?"

Ohun tó dáa nínú ẹ̀rọ yẹn ni pé ó máa ń jẹ́ kí n pa àyípadà àwọ̀ mọ́ lọ́tọ̀, kí n sì sọ ọ́ lórúkọ, tí fọ́tò gan-an á wà bó ṣe wà. Bí mo bá fẹ́, mo lè pe èyí tá a ṣe lánàá padà, kí n wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà bí aṣọ, kí n sì tún bọ́ ọ. Mo sọ ọ̀kan ní "Ó Ṣì Pọ́n", mo sọ òmíràn ní "Màmá Ní Rárá". Lọ́jọ́ tí ọrùn ń dùn mí, mo sọ ọ̀kan ní "Ẹ Jọ̀ọ́ Mà".

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fa ọ̀pá pípọ́n títí pípọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọmọ náà, Màmá ò sì ní ó pọ́n mọ́. Wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

"Òun nìyí," wọ́n ní. "Yéè, ọmọ mi. Adúmáadán, níbo lo lọ látọjọ́ yìí?"

Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Ọ̀gá mi yọjú, ó wo fọ́tò náà, ó wá rọra sọ sí mi létí pé ọmọ yìí ti ń jọ ẹni tí wọ́n rẹ sínú aró. Inú bí mi. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?" Mo pa àwọ̀ náà mọ́, mo tẹ fọ́tò jáde, mo fi sí férémù, mo gbé e kọ́ síbi orí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí láàárọ̀. Wọ́n á gbé ojú sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ẹjọ́ mi sùn ún.

Èmi ni mo wá fà wọ́n lọ rí dókítà ojú. Wọ́n ní rárá, pé àwọn ti rí ohun táwọn fẹ́ rí, mo ní ẹ̀ẹ́ lọ. Dókítà ní ojú wọn ò fọ́, nǹkan kan bí awọ ló bò ó, òun á sì mú un kúrò. Ó mú un kúrò lóòótọ́. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé nǹkan náà ti pọ́n bí ọ̀rá tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá ti ń wo gbogbo nǹkan láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kí ẹnu má yà wọ́n bí àwọ̀ nǹkan bá yàtọ̀. Èmi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ayọ̀ ni mò ń yọ̀.

Nígbà tí a délé, Màmá wo ilé ìdáná mi. "Ṣé bí ògiri yìí ṣe dọ̀tí nìyí tí ò ń gbé oúnjẹ wá fún mi?" A rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá wọ yàrá wọn lọ láti kí ọmọ wọn. Mo tẹ̀ lé wọn.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Òkú nìyí. Òkú ọmọ lo gbé kọ́ sórí mi."

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ dókítà yé mi. Màmá ń ní ó pọ́n, ó pọ́n, àṣé awọ tó bo ojú wọn ló pọ́n, a wá fa pípọ́n kúrò lára ọmọ náà títí ó fi dà bí aró. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé kò sí ohun tó bàjẹ́. A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bọ́ àwọ̀ náà kúrò lára fọ́tò, a sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun.

Mo fà á díẹ̀. "Bóyá," Màmá ní. Màmá mi tí kì í sọ bóyá! Mo fà á sápá kejì. "Ìyẹn náà lè jẹ́."

"Màmá, kì í ṣe méjèèjì. Èwo ni?"

Wọ́n di ojú láti wá a. Wọ́n dì í pẹ́, omi sì ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú.

"Mi ò rí i mọ́," wọ́n ní. "Tí mo bá di ojú, òkú tá a ṣe yẹn ni mò ń rí. Mo ti wò ó jù. Ó ti lé ọmọ mi jáde." Wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí máùsì. "O yọ ọ́ kúrò lára fọ́tò, mo rí ọ. Bá mi yọ ọ́ kúrò lójú èmi náà."

"Màmá, mi ò lè ṣe é."

"O ò lè ṣe é." Wọ́n mi orí. "Ó tún ti kú nìyẹn."

Mo dì wọ́n mú, a sì sunkún níwájú ọmọ pupa yẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.