Ẹni Tó Wa Ọkọ̀

“Níbo lo jókòó sí?”

“Ẹ̀gbẹ́ yín.”

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo ń sùn.”

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀ wíwà tó fẹ́ yà láìtan iná. “O ò lè máa sùn. Ọkọ̀ gbá ọkọ̀, kó o wá máa sùn? Sọ pé ò ń to aṣọ oníbàárà sórí itan.”

“Mo ń to aṣọ oníbàárà sórí itan.” Obìnrin náà fi eyín gé òwú, kò gbójú sókè kúrò lára etí aṣọ tó ń ká.

“Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ẹ tẹ bíréèkì, kò tètè mú, ẹ sì lọ forí sọ ìdí ọkọ̀ dókítà eléyín.”

“Kì í ṣe ‘forí sọ’. ‘Fara kàn’ ni kó o pè é.”

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀. Tó bá di mẹ́wàá, ẹni tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń rán bọ̀ yóò dé láti yẹ ọkọ̀ wò, yóò sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu awakọ̀. Láti àárọ̀ ni Tíṣà ti ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ yìí, ó sì ń kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ni ní gbogbo nǹkan: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú sùúrù, kó tó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Kò sí òpópónà kan nílùú náà tí kò ní ẹni tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkọ̀ tirẹ̀ kò ha ara mọ́ nǹkan kan rí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tiẹ̀ fún un ní ìwé ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó sì ń nù ún ní Sátidé Sátidé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Tíṣà kò sí nínú ọkọ̀ náà rárá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyàwó rẹ̀ ló wà á, aránṣọ, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tí orí rẹ̀ kò kọjá àyà ọkọ rẹ̀ bí wọ́n bá dúró pọ̀. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ kò ju ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín, ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn dùn. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń dúró de Tíṣà kó tó lè gbé aṣọ lọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó wá di pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń fì lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí òun náà lè nawọ́ mú un, ó lọ ra abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń bọ̀, orin ni yóò máa kọ láti ìta títí wọnú ọgbà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè náà, ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan níbi iná adarí ọkọ̀. Iná yọ̀ǹda, ọkọ̀ iwájú ṣí, òun náà ṣí. Ni oníkẹ̀kẹ́ kan bá já wọnú títì, ọkọ̀ iwájú dúró gbọnin. Tirẹ̀ kò tètè dúró. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Bọ́ńpà dókítà eléyín tẹ̀ wọnú, iná iwájú ọ̀tún ti ọkọ̀ Tíṣà fọ́, ó sì parí.

Ṣùgbọ́n kí aránṣọ tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nílé, Tíṣà ti pe ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó ní, “Èmi ni mo wà á.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó sì jù ú sápò ṣòkòtò rẹ̀. “Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná,” ló wí. Ọjọ́ kẹrin rèé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò. Aránṣọ wo ìwé ẹ̀yẹ tó ń dán lára ògiri, ó gbà pé nítorí orúkọ rere rẹ̀ ni Tíṣà ṣe fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó dùn ún wọra. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé bí ọ̀rọ̀ náà bá rọlẹ̀ tán, ìṣó yẹn yóò kàn wà lófìfo bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tí wọ́n rán wá dé kí aago mẹ́wàá tó lù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ bàtà ìrìn funfun, tó kó fọ́ọ̀mù sábẹ́ apá. Ó kí wọn dáadáa, ó sì ní kí àwọn lọ síbi ọkọ̀. Ó wo iná tó fọ́, ó ya fọ́tò, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún ya fọ́tò.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà á?”

“Èmi ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe jókòó lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ mọ ibi tójú yín dé.”

Tíṣà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì dúró. Láti Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìjókòó awakọ̀. Wọ́n ti fà á síwájú débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá sítíárìn sọ̀rọ̀, tìmùtìmù gàgàrà kan tí wọ́n fi àjákù aṣọ oríṣiríṣi rán sì jókòó lé e lórí. Ènìyàn mìíràn ìbá ti rọra tì í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ń wò ó, Tíṣà ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé ìjókòó náà kì í ṣe tòun. Ó ki orí bọlé, ó wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ó wọ́ ìkejì. Nígbà tó jókòó tán, orúnkún rẹ̀ ti dé àgbọ̀n, òkè ọkọ̀ sì ti tẹ ọrùn rẹ̀ wọ́.

“Bẹ́ ẹ ṣe jókòó nìyẹn, sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Àárín orúnkún méjèèjì ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. “Ó máa ń jẹ́ kí n ríran dáadáa.”

Aránṣọ kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọmọbìnrin náà bu ètè jẹ, ó sì tú ìwé kan jáde. “Dókítà tó ni ọkọ̀ kejì ti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ó ní: ‘Màmá kékeré kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ọrùn ń dùn mí. Lẹ́yìn náà, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn ibi tí bọ́ńpà mi ti tẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan. Kó tó lọ, ó sọ fún mi pé apá ẹ̀wù mi ti gùn jù, pé kí n gbé e wá kí òun bá mi gé e.’”

Aránṣọ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Téèpù wà níbẹ̀, níbi tó máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́.

“Eyín ni dókítà yẹn mọ̀ ọ́n wò,” ni Tíṣà wí láti inú ọkọ̀. “Kò mọ èèyàn wò.”

“Bàbá,” ni ọmọbìnrin náà wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́, “ohun tẹ́ ẹ sọ lórí fóònù, a lè sọ pé àṣìsọ ni. Ẹ ò tíì fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí, tá a sì rí i pé irọ́ ni, a máa fagi lé gbogbo rẹ̀. A ò ní tún ọkọ̀ yín ṣe, a ò ní tún ti dókítà ṣe, a ò sì ní bá yín dójú òfò mọ́.”

Tíṣà la ẹnu. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ jáde níbẹ̀, Tíṣà.”

“Màmá wọn, fara balẹ̀.”

“Mo ti fara balẹ̀. Ẹ jáde. Ìjókòó mi nìyẹn.” Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. “Ọmọ mi, èmi ni mo wà á. Èmi nìkan. Oníkẹ̀kẹ́ kan já sójú títì, mo tẹ bíréèkì, ó pẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.”

Ó tún kọjú sí ọkọ rẹ̀, tó ti yọ ẹsẹ̀ kan jáde tó sì ń wá ọ̀nà tó máa gbé ìkejì gbà. “Ilé yìí, orúkọ yín ló wà lórí ìwé ẹ̀. Ọkọ̀ yìí, orúkọ yín. Orúkọ yín náà ni wọ́n fi ń gbé ìwé owó iná wá fún wa. Mi ò bínú sí ìkankan. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Tíṣà jáde tán. Ó na ẹ̀yìn, ó sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pè síwájú kíláàsì.

“O rò pé nítorí ìwé ara ògiri ni?” ló wí.

“Kí ni ǹ bá tún rò?”

“Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ wà nílé wa. Ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ, títí dòní ni mò ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá ògiri ọgbà. Àwa àbúrò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Èmi ni mo tiẹ̀ ṣe jù. Láti ọjọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan sítíárìn mọ́.” Ó wolẹ̀. “Mo máa ń gbọ́ orin tó o ń kọ bó o bá ń wọ ọgbà bọ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín pa orin yẹn. Èmi, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan tó máa ṣe mí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ lára. Ìbínú ọjọ́ mẹ́rin rọ̀ wọ̀ọ̀ nínú rẹ̀, ìfẹ́ ọkùnrin gíga yìí sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn oníbàárà mi. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń sọ ọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó wá wọn aṣọ tí kò gbọ́.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn pátá. Méjì tiẹ̀ ti ní àwọn ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá lè kọ́ èmi, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ ò lè kọ́.”

Ọmọbìnrin adójútòfò kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi fara ti ọkọ̀, Tíṣà náà sì bá wọn rín in nígbẹ̀yìn, lọ́wọ́ kan lẹ́yìn ọrùn tó ń dùn ún.

“Bàbá,” ni ọmọbìnrin náà wí nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, “ẹ ò tiẹ̀ nílò irọ́ kankan. Ó wà nínú ìwé yín: ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tẹ́ ẹ sì fún láyè, ó lè wa ọkọ̀ yìí. Ojú ewé kejì.”

“Mi ò dé ojú ewé kejì rí,” ni Tíṣà wí.

“Ẹni tó ń fìyà jẹ èèyàn tí kò bá ka pátákó ojú ọ̀nà,” ni ìyàwó rẹ̀ fi sí i.

Ọmọbìnrin náà béèrè bí bọ́ńpà dókítà ṣe tẹ̀ tó. Aránṣọ wọlé, ó gbé ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ jáde. Láàárín àyà ẹni kan àti ìdí ẹlòmíràn, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: *Dókítà eléyín. Gígùn, ínṣì mẹ́ta ààbọ̀. Jíjìn, ínṣì kan.* Lábẹ́ rẹ̀: *Apá ẹ̀wù, ká gé ínṣì kan.* Ọmọbìnrin náà da ìwọ̀n bọ́ńpà kọ, ó fi ti apá ẹ̀wù sílẹ̀, ó sì na fọ́ọ̀mù sí i.

*Ẹni tó wa ọkọ̀,* ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi ìlà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ gbé fọ́ọ̀mù lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó kọ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó fi ti ọkọ rẹ̀ kádìí ẹ̀. Ìlà náà kò gbà á. Ó kọ ìyókù sí ìsàlẹ̀, kò sì kán an lójú.

“Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Wọ́n ti ń retí yín.” Ó kó ìwé rẹ̀, ó dágbére, ó sì lọ.

Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó yí ọkọ̀ po, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Aránṣọ tún tìmùtìmù rẹ̀ tẹ́. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta tó yẹ kó já sílẹ̀ lọ́nà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa kó wọn sí. Tíṣà gbà wọ́n, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ dè.

Aránṣọ wo dígí, ó tan iná, ó yọ jẹ́jẹ́ sójú títì. Nígbà tí wọ́n dé ibi iná adarí ọkọ̀, ó dúró jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀ tó wà níwájú. Kò gbójú kúrò lọ́nà.

“Níbo lẹ jókòó sí?”

Tíṣà wò ó. “Ẹ̀gbẹ́ rẹ.”

“Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mo ń to aṣọ oníbàárà sórí itan.”

Iná yọ̀ǹda. Obìnrin náà ka ení, ó ka èjì, ó ṣí ọkọ̀, ó sì gbé orin.