Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ̀rọ Dúró

Pósítà kan ló ṣẹ́ kù sórí tábìlì nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe. Babáwálé ti kó ìyókù lọ.

Ìsọlọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa wà. Èmi kọ́ ni mo ni ín o, mo kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni. Pírámárì ni mo kà mọ. Oyinkán, ọmọ ọ̀gá mi, ló kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà bí pósítà òkú ṣe máa jáde. Kéèsì-kéèsì ló pín in sí. Tí mo bá tẹ "ọ̀dọ́", ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ á jáde. Tí mo bá tẹ "àgbà", tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni. Ìparí kéèsì kọ̀ọ̀kan ló kọ break sí, kí ẹ̀rọ lè dúró níbẹ̀.

Oyinkán kìlọ̀ fún mi pé, "Àǹtí Dúpẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ìlà yẹn o. Ẹ̀rọ ò lójú àánú. Tẹ́ ẹ ò bá ní kó dúró, ó máa kó tìsàlẹ̀ mọ́ ọn ni."

"Bí ẹnu Ìyá Táíyé àdúgbò wa tí kì í dúró," mo fèsì. A jọ rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, mo pa ọ̀rọ̀ kéèsì ọ̀dọ́ rẹ́, mo fi tuntun sí i, torí tàtẹ̀yìnwá ti le jù. Ó ní láti jẹ́ pé mo pa ìlà break yẹn rẹ́ mọ́ ọn. Mi ò... mi ò wò ó dáadáa.

Babáwálé wá gba pósítà Ayọ̀kúnmi, àbúrò rẹ̀ tó kú. Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àǹtí, mi ò lè wò ó. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Èmi náà wo fọ́tò, mo wo orúkọ. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀ pósítà ọ̀dọ́?

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó kà á. "Ikú dóró. Ọmọ wa lọ láìdágbére." Lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ bá wa dúpẹ́. Ó gbó, ó tọ́, ó fọmọ sáyé lọ."

Ayọ̀kúnmi ò tíì gbéyàwó. Ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Mo pe Babáwálé, kò gbé e. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn ní Ailegun. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Mo ń ṣí i létí nígbà tí géètì ṣí. Ìyá wọn ni.

"Kí lo fẹ́ fi fọ́tò ọmọ mi ṣe?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo... mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ ni."

"Fi sílẹ̀, ó dáa." Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́tò náà. "Ẹkún ti ba ojú mi jẹ́. Kà á fún mi."

Mo ka ti ìbànújẹ́. Mo dákẹ́ síbi tó yẹ kí ẹ̀rọ dúró.

Ó nàka sísàlẹ̀. "Èyí ńkọ́? Má rẹ́ mi jẹ o."

Mo wo títì. Kẹ̀kẹ́ tó gbé mi wá ti lọ. Mo kà á tán.

Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ó fọmọ sílẹ̀? Ayọ̀kúnmi bímọ? Kò sọ fún mi! Níbo lọmọ náà wà?"

Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Ọlọ́run, dárí jì mí.

"Kò sí ọmọ, mà. Àṣìṣe ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó tún fọwọ́ kan fọ́tò náà.

"Fi fọ́tò sílẹ̀ fún mi."

Mo fi èékánná ya ìsàlẹ̀ pósítà náà, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya dé ojú ọmọ rẹ̀.