Àwọn Fáìlì Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Jí

Iná kékeré tó wà lára kámẹ́rà náà kọ̀, kò tàn. Abẹ́rẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Kò sí ohun tó yí padà.

"Bọ̀dá, mo ti kọ́ ètò yìí tán. Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kí ló tún wá dé?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí ibùsùn kò lè fèsì. Àìsàn tó ń jẹ iṣan ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin ti gba ẹsẹ̀, ó gba ọwọ́, ó sì gba ohùn. Ojú nìkan ló kù. Kámẹ́rà ló máa ń tẹ̀ lé ojú náà lórí lẹ́tà, kọ̀ǹpútà a sì ka ọ̀rọ̀ síta. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni kámẹ́rà bàjẹ́. Wọ́n ra òmíràn, àmọ́ kánẹ́lì àtijọ́, ètò tó wà nídìí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò dá a mọ̀. Àfi kí wọ́n kọ́ tuntun.

Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ ṣì jẹ́ ọwọ́. Télọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ní tiẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àti títínrín rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n kọ sílẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó kú ló ń tẹ̀ lé, bí ẹni ń gé aṣọ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹlòmíràn mú.

Ìyá wọn yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Abẹ́rẹ́ ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn. Ojú ìwé méjì ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó là wọ́n, ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fa ìlà pupa sí lábẹ́: *Tí o bá kọ́ ọ tán, tí o ò tún àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń jí ṣe, asán ni. Ti àtijọ́ ni yóò máa jí. Mo mọ̀ pé o máa fò ó.*

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. Ó tẹ àṣẹ tó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní àyè ò sí: kánẹ́lì mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú déètì lára ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn náà. Ṣé ohun tó jókòó ti nìyẹn, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?

"Bọ̀dá, mo máa pa díẹ̀ rẹ́ nínú tiyín o. Méjì?"

Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì: rárá.

"Gbogbo ẹ̀? Tí tuntun bá kọ̀ ńkọ́? A ò ní í ríbi padà sí."

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó wá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan: bẹ́ẹ̀ ni.

Abẹ́rẹ́ pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún àṣẹ náà tẹ̀; àwọn fáìlì wọlé. Ó tan ẹ̀rọ. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó dúdú títí. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sókè. Iná kámẹ́rà tàn.

"Ó ti jí! Màmá, ó ti jí!"

Ìyá sáré wọlé. Ojú ẹ̀gbọ́n ń rìn lórí lẹ́tà, kò sinmi, àfi bí ẹni pé ó ti há ọ̀rọ̀ náà sórí. Ohùn ẹ̀rọ jáde, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

"Tí èémí bá tún há mi, ẹ má gbé mi lọ sí ọsibítù mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wà nílé."

Ìyá mú aṣọ ìbora tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lọ́tun.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Abẹ́rẹ́ fi rò pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń ni ẹ̀gbọ́n òun lára, àṣé ọ̀rọ̀ yìí ni. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn. Kò sọ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá," ló wí.