Iṣẹ́ Àṣetiléwá Ìyá Aránṣọ

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un kà," ni olùkọ́ wí.

Ìyá aránṣọ tún gbólóhùn márààrún kà látinú ìwé rẹ̀. Kò kọsẹ̀ níbì kankan. Láti àná ló ti ń há a sórí nídìí máṣíìnì, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dàlì ni ẹnu ń pe Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí, ó ń retí àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ nínú kíláàsì àgbàlagbà tí wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Bíríkìlà tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá ń wo ilẹ̀.

Olùkọ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló bá yín kọ èyí, mà?"

"Ọmọ mi ni. Èmi sọ ọ́ ní Yorùbá, òun kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ó ṣì í kọ ni?"

"Kò ṣì í. Ohun tẹ́ ẹ kà ni pé ọmọ yín ò tíì dé ilé ìwé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń wọ aṣọ ilé ìwé jáde láràárọ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún yín."

Ohun tí ìyá aránṣọ ní kí ọmọ náà kọ ni pé ojoojúmọ́ ló ń lọ ilé ìwé, pé orí rẹ̀ pé, pé dókítà ni yóò dà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lọ aṣọ náà láàárọ̀ yìí. Ó di ìwé rẹ̀ mú, ó sì kọrí sílé láì dágbére.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Lójú ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì ni ìyá aránṣọ fẹ́ fi ṣe ti òsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fi ẹnu òun, ìyá rẹ̀, tú àṣírí ilé láàárín àwùjọ! Ṣùgbọ́n àyọkà tí wọ́n kà ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, èyí tó dá lórí bí òbí ṣe lè bá ọmọ tó ń bàlágà sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ni òbí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó kọ ọ́ pé kí ó gbọ́ tẹnu ọmọ tán. Ọmọ rẹ̀ yìí ló bá a máàkì í nílé, ìyá sì gbà á.

Ó bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé, nínú aṣọ ilé ìwé, ó ń gán bọ́tìnnì.

"Ẹ káàbọ̀, mà." Kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ kà á?"

"Mo kà á." Ìyá jókòó lórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n tún kíláàsì kà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wọlé, ẹ sì sọ fún oníbàárà yín pé, 'Dókítà mi ti dé.'" Omijé ń bọ́ sórí bọ́tìnnì. "Ẹnu mi ò gbà á mọ́."

Ó dun ìyá dé eegun. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà wa ńkọ́?"

"Kò sí dókítà níbí," ni ìyá aránṣọ wí. "Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọmọ náà.

"Máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́."