Ìràwọ̀ Tó Sá Mọ́ Ìyá Lójú

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìyá ìyàwó Aṣórùlé fi ń pè é ní òpùrọ́, nítorí ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa ṣí òrùlé lálẹ́ fún awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú sánmà.

"Ṣí òrùlé kẹ̀! Ẹgbẹ́ rẹ ń kan òrùlé, ìwọ ń ṣí i! Ọkùnrin tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń jáde lálẹ́, bí kì í bá ṣe olè, àdán ni!"

Nígbà tí wọ́n kéde alẹ́ tí ará ìlú lè wá wo ìràwọ̀, Ìyá ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì òfìfo dání.

"Bí mo bá fojú ara mi rí nǹkan, màá bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí mi ò bá rí i, ẹrù ọmọ mi ni màá kó sínú báàgì yìí, èmi àtòun la jọ ń lọ."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó Aṣórùlé wí.

"Panu mọ́, o ò mọ̀ pé àdán lo fẹ́!"

Aṣórùlé tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé rìbìtì náà han gooro, ó là sí méjì, ìràwọ̀ sì yọ lókè bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Èrò tó tò dé géètì hó yèè. Aṣórùlé dojú awò kọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sátọ́ọ̀nù, ó ran Ìyá lọ́wọ́ gun àkàbà. Ìyá di ojú kan, ó fi èkejì sí i.

"Yéè! Ó wọ òrùka! Ó wọ òrùka bí ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

Aṣórùlé fò sókè. Kò tíì balẹ̀ tí Ìyá fi gbójú kúrò.

"Dúró ná. Ó ti dán jù. Ta ló lẹ fọ́tò mọ́ inú páìpù yìí?"

Ló bá gbá awò náà, gbàù! Ẹ̀rọ tó ń yí awò tẹ̀lé ìràwọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

"Mo gbé!" Aṣórùlé káwọ́ lérí. Báàgì òfìfo ń wò ó lójú kòrókòró.

Ìyá tún fojú sí i, ó ń wá ibi tí gọ́ọ̀mù wà. "Ẹ̀yin èèyàn! Fọ́tò ń rìn! Ó ti dé etí... ó ti jáde! Ta ló fà á?"

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ìyá, kì í ṣe òun ló ń sá," ni Aṣórùlé wí. " Ayé tá a dúró lé ló ń yí. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bá wa lé e, ẹ sì ti lù ú pa."

Ìyá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í rìn." Lójijì ló dì mọ́ àkàbà bí ọ̀bọ ṣe ń dì mọ́ igi. "Ayé ń yí, o sì gbé arúgbó sórí àkàbà? Àna mi, dì mí mú!"

Ibẹ̀ náà ló ti ju báàgì sílẹ̀. "Gbogbo èèyàn, ẹ bá mi bẹ àna mi! Kì í purọ́!"

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó kàn wá!" ni ẹnì kan ké lórí ìlà.

"Kí ló kàn yín? Ó ti sá lọ! Àna, lé e!"

Aṣórùlé bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ti awò náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá ń pàṣẹ: "Sọ́tùn-ún! Ó tún ń sá! A ti mú un!" Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gun àkàbà, Ìyá á di ọrùn rẹ̀ mú: "Yára wò ó, kó tó lọ!"

Nígbà tí èrò tán, Ìyá gbójú sókè. "Àna, òrùlé yìí ńkọ́, ta ló ń tì í?"

"Èmi náà ni, Ìyá."

Ìyá sáré dé géètì, ó pe àwọn tó ń lọ padà: "Ẹ gbọ́ o! Iṣẹ́ méjì ni àna mi ń ṣe!"