Ilẹ̀kùn Tí Adéòjó Kò Lè Ṣí

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń retí ìwé mi. Ojú ewé méjì péré ni. Mo máa ń sọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, orí tí mo kọ tí mo tún fà ya, àti ọjọ́ tí iná lọ tó sì gbé gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lọ. Màá fi ránṣẹ́ láti kàfé kan nítòsí gáréèjì Ìkòròdú, màá sì ṣe fótókọ́pì ogójì fún àwọn tí kò ní ímeèlì. Ìwé náà dá lórí ìlú kan lábẹ́ ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja tó ti kú ti ń jọba. Ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń kọ ọ́, àwọn òǹkàwé mi kò sì kánjú. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà náà ni ibi tí mo bá ti ń rántí àwọn géèmù àtijọ́.

Ẹni tó bá gbá a lásìkò yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí àwòrán níbẹ̀ rárá. Ojú kọ̀ǹpútà á dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ ewé á ní o wà nínú ihò, òkùnkùn ṣú, kí lo fẹ́ ṣe? Ìwọ náà á tẹ̀ ẹ́ pé: gbé àtùpà. Bí o bá gbàgbé àtùpà, o kú. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn tí kò yẹ, o kú. A lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wà létí odò kan ṣoṣo, tí a ò mọ bí a ṣe máa sọdá. Àwọn géèmù òde òní ń fa èèyàn lọ́wọ́ bí ọmọ ìrákòrò, mi ò rí adùn wọn.

Èmi àti Adéòjó la jọ ń gbá a. Bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Láwàl, ní ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ní Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1992, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwa méjèèjì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Adéòjó. Ọ̀rẹ́ ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi, wọ́n sì fi í sílé wa kó lè lọ sílé ìwé. Ọdún méjì gbáko ló fi jẹ oúnjẹ ìyá àgbà mi, Mùlíkátù, tó ń yan ẹja ní Ipakodo. Orí ẹja ni wọ́n máa ń bù fún un. Èmi ọmọ ọmọ wọn, ìrù ni wọ́n ń fún mi. Síbẹ̀, bó bá ti ilé ìwé dé, á gba iwájú wọn kọjá lọ sídìí kọ̀ǹpútà, kò ní kí wọn. Ìyá àgbà á ní, "Adéòjó, ṣé ògiri ni mí ni?" Á rẹ́rìn-ín, á sì máa lọ.

Nígbà tó yá, a ṣe géèmù tiwa, ní èdè Yorùbá. Adéòjó ya gbogbo ọ̀nà inú ìlú náà sínú ìwé, èmi sì kọ òfin tó ń darí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlú Abẹ́ Ọ̀sà la pè é; inú rẹ̀ ni ìwé tí mò ń kọ ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú Adéòjó padà sí Ẹ̀pẹ́, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí géèmù wa wà lórí rẹ̀ bá a lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé mi, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kúbúrátù ní Ìmọ́tà, kọ̀wé sí mi: "Àǹtí Moyọ̀sọ́rẹ, ẹ má bínú o. Mo ra síídì géèmù kan, Ìlú Abẹ́ Ọ̀sà lorúkọ ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Ẹ̀pẹ́ ló ṣe é. Same story! Àbí iṣẹ́ oníṣẹ́ lẹ ń kọ fún wa látọjọ́ yìí?" Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méje mìíràn ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀kan ní kí n má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun mọ́, òun kì í bá olè rìn. Mo di olè lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi gan-an. Bàbá mi ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n bá a dín eléyìí kù.

Mo ra síídì náà. Adéòjó ti fi àwòrán sí i, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára páálí, ṣùgbọ́n òfin tí mo kọ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbá a títí mo fi dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn, níbi tí ìyá arúgbó kan jókòó sí. Lẹ́yìn páálí, ó kọ ọ́ pé kò tíì sẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn yìí rí, ẹni tó bá gbọ́n ló máa ṣí i. Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun alára kò lè ṣí i. Ọjọ́ tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ni mo kọ ibẹ̀, mi ò sì sọ fún un.

Lẹ́tà oṣù kẹrin kò sọ̀rọ̀ ìwé mi rárá. Mo ní Adéòjó máa ṣe ìkójáde géèmù rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé kejì oṣù karùn-ún. Mo ní kí wọ́n lọ síbẹ̀, kí wọ́n ní kó ṣí ilẹ̀kùn ìkẹyìn lójú gbogbo ayé. Ẹni tó kọ́lé kì í ṣìnà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo mú ìyá àgbà lọ. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo kàn sọ fún wọn pé Adéòjó ń ṣe nǹkan ẹ̀yẹ ni, inú wọn sì dùn. Mo fi wọ́n jókòó ní ìlà iwájú, èmi lọ sẹ́yìn. Adéòjó wọlé nínú agbádá funfun. Ó bọ alága, Àlàájì Fáṣínà, lọ́wọ́, ó bọ ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó wá fo ìyá àgbà, ó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá àgbà ti gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀. Bí àánú kankan bá kù nínú mi tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló tán sí.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀, Kúbúrátù dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí last door yẹn fún wa ká rí i." Adéòjó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣírí ni. Àwọn òǹkàwé mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ìhín àti ọ̀hún. Alága ní, "Ọmọ mi, ṣí i. Ìwọ kọ́ lo ṣe é ni?"

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa ń wo ìyá arúgbó náà lára ògiri tí wọ́n tan géèmù náà sí. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: wo ìyá. Ìyá gbé ojú kúrò. Ó fún un lẹ́ja. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó taari ilẹ̀kùn. Ìgbà tí kò sí ohun tó kù ló tó tẹ̀ ẹ́ pé: kí ìyá. Ìyá kò dáhùn. Òógùn bo Adéòjó.

Mo dìde, mo rìn lọ síwájú. "Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣí i." Ìgbà tó rí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo dá géèmù náà padà sí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà náà. Mi ò wò, mi ò béèrè. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: kúnlẹ̀ kí ìyá. Ilẹ̀kùn ṣí.

Mo gba gbohùngbohùn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń wo àgbà lójú kó tó kí i, ìyá yìí kò ní dá a lóhùn mọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn." Àwọn àgbàlagbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Fìlà Àlàájì Fáṣínà ṣubú. "Ìyá ọ̀hún ló sì jókòó síwájú yìí. Oúnjẹ wọn ni Adéòjó jẹ fún ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ló fò wọ́n kọjá lójú gbogbo yín."

Adéòjó sọ̀kalẹ̀ látorí pèpéle, ó ká agbádá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá àgbà. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá àgbà. Moyọ̀sọ́rẹ ló ni géèmù yẹn. Mo jí i ni."

Ìyá àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Adéòjó nìyí? Dìde, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?"

"Kó má tíì dìde," mo ní. Onífọ́tò ṣì ń ki fíìmù tuntun bọ kámẹ́rà. "Kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó gbé ojú sókè, ká lè mọ̀ pé òun ni."

Adéòjó gbé ojú sókè. Omi wà níbẹ̀. Onífọ́tò yà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, a ti kọjá Ìtoíkin kí Ìyá àgbà tó yíjú sí mi. Wọ́n wá ní, "Moyọ̀sọ́rẹ, ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

Mo kọjú sí fèrèsé. Inú mi ṣì ń dùn, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i.